Àbàtà bá odò tan: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn àgbà ẹbí wa ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, olórí ẹbí àti gbogbo àgbà tó ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú ètò ẹbí, ẹ kú àmójútó wa. A ò ní pàdánù yín o.

Wọ́n sọ fún mi pé ní ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àbàtà tó kù nísàlẹ̀ agbo ilé wa ni ẹ fẹ́ parí. Mo gbọ́ pé àwọn tó fẹ́ rà á ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, pé wọ́n ti ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ igun kan, pé wọn yóò máa fi típà da yangí sí i títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó gé e sí púlọ́ọ̀tì. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin bàbá wa sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ilẹ̀ tí kò wúlò ni, ẹ̀fọn nìkan ló ń bí fún wa." Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí dáadáa. Ǹ bá wá bá yín ní ìyẹ̀wù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbo ilé kan. Àwọn ẹbí mìíràn tó ní ilẹ̀ létí omi ní Ifẹ̀ yìí náà ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí ẹni tó bá bá mu lè kà á sétí àwọn àgbà tirẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Kànga ni mo ń gbẹ́. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń wọ inú ilẹ̀ ìlú yìí lọ, tí mo ń fi okùn gòkè. Mi ò kàwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi, inú ihò ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní òkè agbo ilé wa, bí mo bá kọ́kọ́ ta dígà sílẹ̀, ilẹ̀ dúdú ni mo máa ń bá, kì í ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, yangí. Yangí yìí le, òkúta wẹẹrẹ inú rẹ̀ a máa ta iná lẹ́nu dígà. Bí mo bá la yangí já, amọ̀ ló kàn, amọ̀ alábàáwọ́n, pupa níhìn-ín, funfun lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ara ti máa ń tutù. Tí mo bá ti ń sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30, ilẹ̀ á yí padà. Ohun tí mo ń gbẹ́ á dà bí àpáta lójú, ìlà dúdú àti ìlà funfun á tò tẹ̀léra lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò lára àpáta tí ẹ̀ ń rí ní gbangba, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọwọ́ rún un, á fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àpáta tó ti jẹrà ni. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń dán yinrinyinrin bí ìpẹ́ ẹja, títí dalẹ́ ni mo máa ń rí i lápá mi. Ibẹ̀ ni omi ti ń ta. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àpáta gidi wà, èyí tí dígà ò ràn.

Àwọn onímọ̀ òkúta sọ pé àpáta abẹ́ Ifẹ̀ yìí ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Omi òjò àti gbòǹgbò igi ló ń jẹ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá kan di amọ̀. Èyí tó dà bí díńgí nínú rẹ̀ kò gbà fún omi, ìyẹn ló di iyanrìn. Irin inú rẹ̀ sì dógùn-ún, òun ló jẹ́ kí ilẹ̀ wa pọ́n. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ amọ̀, iyanrìn àti yangí, ọmọ àpáta kan náà ni gbogbo wọn.

Òjò tó ń rọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún kan, bí a bá ní ká gbà á dúró lójú kan láìjẹ́ kó ṣàn, yóò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ọmọ ọdún méje á rì nínú rẹ̀. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀. Níbo ni gbogbo omi yẹn ń lọ? Èyí tó rọ̀ sórí àpáta gbalasa, bí irú àwọn òkè tó yí ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ká, kì í pẹ́ kó tó yí wá sí ẹsẹ̀ òkè. Èyí tó rọ̀ sórí ilẹ̀ ń rin lọ sísàlẹ̀, á kọjá yangí, á gba inú amọ̀, títí yóò fi kan àpáta tí kò lè wọ̀. Nígbà tí kò rí ọ̀nà ìsàlẹ̀ mọ́, á wá máa rìn lórí àpáta náà, jẹ́jẹ́, síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, tí àpáta ti sún mọ́ òkè, ni omi náà ti ń yọjú síta. Ojú ibẹ̀ ni ẹ̀ ń pè ní àbàtà.

Omi tí ẹ̀ ń fà nínú kànga ẹ̀yìnkùlé àti omi tó ń rin ẹsẹ̀ yín nínú àbàtà, omi kan náà ni. Ọ̀kan ń lọ, èkejì ti dé. Àwọn baba wa máa ń sọ pé àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹni tó ń sá fún ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń pa á mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti wo àbàtà dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́. Èmi ìbá fi kànga kún un, torí ọmọ ìyá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ inú àbàtà náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹni tó pè é ní ilẹ̀ tí kò wúlò kò tíì wọ̀ rí.

Ẹ rántí pé ibẹ̀ ni ìyá mi ti dá akùrọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ẹ̀fọ́ orí òkè ti gbẹ dànù, tẹ̀tẹ̀ ìyá mi á máa tutù yọ̀yọ̀, kókò àti ìreke á wà létí rẹ̀. Kòtò kékeré kan ni wọ́n gbẹ́, kò jìn tó igbọ̀nwọ́ méjì, igbá ni wọ́n fi ń bu omi inú rẹ̀. Bí wọ́n bá bù ú tán lálẹ́, ó ti kún padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé òjò ló ń rọ̀ sí i lóru. Owó ẹ̀fọ́ yẹn ló rán mi níléèwé, òun náà ló san owó iṣẹ́ kànga tí mo kọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo padà síbẹ̀, mo fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò kan nínú apá tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ilẹ̀ òkè rẹ̀ dúdú bí èédú, ó kún fún gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ mọ́ ara wọn bí kànìnkànìn. Mo fún ẹ̀kún ọwọ́ kan, omi ṣàn láàárín ìka mi gba apá lọ. Ewé wà nínú rẹ̀ tí kò tíì jẹrà tán, mo ṣì ń rí iṣan ara wọn. Ní òkè ilẹ̀, oṣù mélòó kan, ikán àti ìdin ti jẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nínú àbàtà, omi ti lé afẹ́fẹ́ jáde, nǹkan kì í tètè jẹrà níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ó ń ṣẹ́jọ, ọdún lé ọdún, òun ló di ilẹ̀ dúdú olóràá yẹn. Òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ tó máa ń gbà yín nímú tí ẹ bá tẹ irà, ohun tí àìsí afẹ́fẹ́ ń fà nìyẹn, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Nígbà tí mo gbẹ́ ẹ kọjá ìgbọ̀nwọ́ kan, mo bá amọ̀. Amọ̀ yìí kò pọ́n bíi ti òkè. Ó rí bí eérú, ó fẹ́ ní àwọ̀ aró díẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì, mo sì rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Mo tẹ̀lé ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu ọ̀bẹ, gbòǹgbò koríko ni mo bá láàárín rẹ̀. Mo dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Irin àpáta tó ń sọ ilẹ̀ òkè di pupa, nínú omi tí kò ní afẹ́fẹ́ kò lè dógùn-ún, ìdí nìyẹn tí amọ̀ náà fi ṣì bí eérú. Àwọn ewéko àbàtà ló ń mí láti òkè, wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ gba inú igi wọn wá sí gbòǹgbò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jò síta, irin tó wà nítòsí á sì dógùn-ún yí gbòǹgbò náà ká. Àpáta, omi àti koríko, mo fi ìka ọwọ́ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìlà pupa kan péré.

Igi ògùrọ̀ tún ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹ ti rí gbòǹgbò rẹ̀ tó ń yọ sókè láti inú ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́. Òkè ló ń wá nítorí kó lè mí. Àárín àwọn ìka wọ̀nyẹn ni ewé àti ẹrẹ̀ ti ń há, ni ọmọ ẹja àrọ̀ ti ń sá pamọ́, ni akàn ti ń gbẹ́lé. Nígbà tí ọ̀wàrà òjò bá dé, làbelàbe àti ògùrọ̀ ló ń dá omi lẹ́kun, á rìn dípò kó sáré. Omi tó ń rìn, kì í gbé iyanrìn. Iyanrìn á jókòó síbẹ̀, omi tó mọ́ díẹ̀ ni yóò jáde lọ bá odò. Asẹ́ ni àbàtà, ẹni tó ní asẹ́ nílé kì í sọ ọ́ nù.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn ọmọ kan wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé epo rọ̀bì wà nínú àbàtà wa, torí wọ́n rí ohun tó ń dán bí epo lójú omi. Mo mú wọn padà lọ, mo ní kí ọ̀kan fi igi tọ́ ọ. Ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí yìnyín, kò sì padà so pọ̀. Epo gidi ìbá yí po kó sì padà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Irin inú àpáta tún ni, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò rí ló ń bá a ṣiṣẹ́. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ epo dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí.

Ohun tó le jù ló kàn. Ẹ rántí àbàtà tó wà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ wa, tí àwọn ẹbí kan tà ní bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kí wọ́n tó da yangí sí i, wọ́n gbẹ́ gọ́tà jíjìn kan gba àárín rẹ̀ kọjá, kí omi lè yára jáde. Omi yára jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi orí àpáta tó ń rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ láti òkè, gọ́tà yẹn ló ń fà á báyìí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, kànga méje ni wọ́n pè mí láti wá tún gbẹ́ jìn ládùúgbò náà, àwọn kànga tí kò gbẹ rí látìgbà tí bàbá àwọn onílé ti wà láyé. Nínú mẹ́ta, mo kan àpáta, mi ò lè lọ mọ́. Mo gbowó iṣẹ́ náà. Ẹnu mi ò gbà mí láti sọ ohun tó fà á nígbà yẹn, ó sì ń dùn mí di òní.

Lọ́dún kejì, ìyá kan tó kọ́lé sórí ilẹ̀ yangí náà pè mí pé kí n wá gbẹ́ kànga fún òun. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré, omi ti dé. Inú ìyá náà dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ṣeun. Mo bi wọ́n pé sókàwéè dà. Wọ́n nawọ́ sí i: ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni, mo kà á. Mo bu omi náà, mo gbé e sí imú. Mo bẹ ìyá náà pé kí wọ́n jẹ́ kí n dí i. Omi inú ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àlàfo láàárín sókàwéè àti kànga, ohun tó bá jáde ní ọ̀kan, inú èkejì ló ń lọ. Ní àsìkò òjò, sókàwéè ibẹ̀ kì í gba nǹkan kan, àkúnya ló ń ṣe. Ògiri ilé méjì ti sán láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, torí amọ̀ irà máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà ti ná owó rẹ̀ tán. Ẹni tó rà á ló ń gbé inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń fa ibà fẹ́ràn kòtò kékeré tí oòrùn ń pa, ojú ẹsẹ̀ táyà ọkọ̀ lọ́nà, kòtò tí wọ́n ti wa iyanrìn. Nínú àbàtà tó pé, ọmọ ẹja wà, àkèré wà, ọmọ lámilámi wà nísàlẹ̀ omi, wọ́n ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Bí a bá da ìdọ̀tí sí i tí àwọn wọ̀nyí kú, ẹ̀fọn ló máa ṣẹ́kù.

Ẹlòmíràn á ní Odùduwà fúnra rẹ̀, erùpẹ̀ ló dà sórí omi kí Ifẹ̀ tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, kò sẹ́ni tó ní ó da erùpẹ̀ dí gbogbo omi. Olókun ṣì ní tirẹ̀ ní Ifẹ̀ di òní. Odò Ẹ̀sìnmìrìn náà ni Mọ̀rèmi lọ bá kó tó lọ fi ara rẹ̀ fún àwọn tó ń kó wa lẹ́rú, òun náà ló padà wá san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ fún. Kí ni àwọn ọ̀tá yẹn wọ̀ tí ojú gbogbo Ifẹ̀ fi rí wọn bí ará ọ̀run? Ìkó ni. Ìkó ara ògùrọ̀. Inú irà ni wọ́n ti gé e. Nígbà tí a bá ń ṣe ọdún Ẹdì, tí a fi ń rántí Mọ̀rèmi, lọ́dọọdún, ìtàn omi àti ewéko etí omi ni à ń rántí, mi ò sì mọ bí a ó ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ tí kò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó múlé gbè wá lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ mi. Àpáta tiwọn ní góòlù, odò ló kó góòlù náà wá sábẹ́ ẹrẹ̀ àfonífojì. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tú àbàtà nídìí ní ìhà Ìgún àti Ìtagúnmọ́dì. Omi tó ti ń mọ́ kí ó tó dé odò ti di ọbẹ̀ ẹrẹ̀, gbogbo wa la sì rí bí ojú omi Ọ̀ṣun ṣe rí báyìí.

Nàìjíríà wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà tí wọ́n fọwọ́ sí nílùú Ramsar, ní Ìráànì, ní 1971. Àbàtà 11 ni orílẹ̀-èdè wa ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyẹn ni pé àbàtà ìsàlẹ̀ agbo ilé wa kò ní olùgbèjà mìíràn ju ẹ̀yin tí mo ń kọ̀wé sí yìí.

Mo mọ̀ pé owó ṣe pàtàkì. Mo mọ gbèsè tó wà lọ́rùn ẹbí, mo mọ àwọn ọmọ tó wà níléèwé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí a bá máa tà, ká ta apá òkè tó gbẹ, níbi tí yangí ti le. Ká má ta ibi tí làbelàbe ti bẹ̀rẹ̀ sọ́wọ́ ìsàlẹ̀, torí ewéko ló ń pààlà yìí fún wa, kò nílò òpó sìmẹ́ńtì. Ká fi ìṣísẹ̀ 30 kún un sọ́wọ́ òkè fún igi àti koríko. Ká má gbẹ́ gọ́tà gba àárín rẹ̀. Kí àwọn tó ń dá akùrọ̀ máa san owó oko fún ẹbí ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí adẹ́mu ògùrọ̀ náà san tirẹ̀. Àwọn méjì ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, mo lè mú wọn wá. Owó náà kò tó ti púlọ́ọ̀tì, mo gbà, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni yóò máa wọlé.

Kí ẹ tó jókòó sí ìpàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó mú. Kí ẹ̀yin àgbà wọ bàtà rọ́bà. Àga á wà fún ẹni tí orúnkún ń dùn, mo ti bá àwọn ọmọ sọ ọ́. Èmi á mú ṣọ́bìrì wá, màá gbẹ́ ihò kékeré kan, màá sì fi ilẹ̀ dúdú yẹn lé yín lọ́wọ́ kí ẹ fún un wò.

Ọmọ yín,
agbẹ́kànga.